Owó Ẹ̀rọ Tó Há Sójú Ọ̀nà

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló kó nǹkan yìí ràn mí. Ó gbé fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ẹdẹ, níbi tí mo ti ń tún fóònù ṣe láti ọdún pípẹ́. Mo pààrọ̀ ojú fóònù náà fún un. Nígbà tó tó àkókò àtisanwó, ó tẹ áàpù bánkì rẹ̀, áàpù ń yí. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ń yí. Àwa méjèèjì dúró, à ń wo òbìrìkítí kékeré yẹn bí ẹni ń wo ìkòkò tí kò fẹ́ hó.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa ń gba kọ́ìnì?" Ó ti rẹ ọmọbìnrin náà.

"Kọ́ìnì wo? Kọ́bọ̀ tí wọn ò ná mọ́ yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba fóònù mi, ó fi áàpù kan sí i. Ó ní kí n wá bébà. Ó pe ọ̀rọ̀ méjìlá fún mi kí n kọ wọ́n sílẹ̀, ó ní bí mo bá sọ bébà yẹn nù, owó mi ni mo sọ nù, bí mo bá sì fi han ẹnikẹ́ni, mo ti ta á lọ́rẹ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló fi bítíkọ́ìnì ránṣẹ́ sí mi láti orí fóònù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe fún un. Lójú ẹsẹ̀ ni iye owó náà yọ lójú fóònù tèmi, òdo kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Òdo yẹn ńkọ́?"

"Ó túmọ̀ sí pé ó ti gbéra, kò tíì dé. Tó bá di ení, ó ti dé. Tó bá di ẹ̀fà, Ọlọ́run nìkan ló kù tó lè gbà á lọ́wọ́ yín."

Mo gbé fóònù náà síwájú, n kò fọwọ́ kan iṣẹ́ mìíràn. Ní ìṣẹ́jú kọkànlá, òdo di ení. Mo ṣì rántí bí ara mi ṣe rí. N kò bẹ akọ̀wé bánkì kankan. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n lọ, kí n padà wá lọ́la. Owó tí ọmọbìnrin náà ti kọ́kọ́ fi áàpù bánkì ránṣẹ́ wọlé ní ọjọ́ kẹta, mo dá a padà fún un. Ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ kẹta yẹn, mo ti ra ìwé ìkọ̀wé kan tó nípọn, mo sì ti kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́: *Òdo di ení, ìṣẹ́jú 11.*

Láti ọjọ́ náà, gbogbo owó tó bá wọlé tàbí tó bá jáde, mo ń kọ iye ìṣẹ́jú tó lò. Mo ń kọ iye tí mo san fún ọ̀nà. Mo ń kàwé nípa rẹ̀ nígbà tí kò bá sí oníbàárà, mo ń gbọ́ àlàyé lórí fóònù bí mo ṣe ń jó irin mọ́ irin. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ mi. Láàárín ọdún kan, àwọn ará àdúgbò ti ń pè mí ní Ọ̀gá Kọ́ìnì, mo sì ń jẹ́ ẹ. Mo fẹ́ràn láti máa jẹ́ ẹ. Ìyẹn wà lára ohun tó ń dùn mí lónìí.

Ohun tí mo kọ́, tí ẹni tó bá fẹ́ lóye ìtàn yìí gbọ́dọ̀ mọ̀, kò pọ̀. Bí ènìyàn bá fi bítíkọ́ìnì ránṣẹ́, kì í lọ tààrà. Ó máa kọ́kọ́ dúró níbì kan bí èrò ṣe ń dúró ní gáréèjì. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ọkọ̀ kan á wá kó èrò. Ọkọ̀ náà kì í fẹ̀ sí i, bí èrò bá pọ̀ tàbí wọ́n kéré. Ẹni tó bá san owó ọ̀nà tó ga jù ni awakọ̀ máa kọ́kọ́ gbé. Ẹni tó san díẹ̀ á máa dúró. Sátóṣì ni wọ́n ń fi ka owó ọ̀nà, òun ni ẹyọ tó kéré jù nínú bítíkọ́ìnì. Wọn kì í sì wo bí owó tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ ti pọ̀ tó kí wọ́n tó sọ iye tí o máa san. Bí ẹrù náà ti gba àyè tó ni wọ́n ń wò, báìtì ni wọ́n sì fi ń wọn àyè náà. Góòlù ìkúnwọ́ kan kì í gba àyè. Àpò ẹ̀gẹ́ kan gba àyè.

Mo mọ èyí. Mo lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá. Ẹ rántí pé mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí ìyá wa, ló fẹ́ ọkọ sí Ara. Gàrí ni wọ́n ń yan níbẹ̀. Fún ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ń ru ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó lọ sí ilé ẹ̀rọ obìnrin kan ní òdìkejì títì, tí wọ́n ń tò, tí wọ́n ń san owó lórí bàsíà kọ̀ọ̀kan. Bí epo bá tán nínú ẹ̀rọ, wọ́n á dúró. Bí obìnrin náà bá lọ síbi òkú, ẹ̀gẹ́ á kan. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ láyé yìí kò ju ẹ̀rọ tiwọn lọ, ẹ̀rọ kan péré tí wọ́n máa fi lọ ẹ̀gẹ́ tiwọn nígbà tó bá wù wọ́n.

Èmi ni mo dá àjọ sílẹ̀ nítorí wọn. Àwa méje ni, ẹ̀gbọ́n mi àti èmi, àti àwọn márùn-ún tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bítíkọ́ìnì la fi ń dá a. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n sátóṣì lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ẹnì kan á kó o. Mo ti sọ fún wọn pé náírà ń yọ́ lọ́wọ́ wa bí òrí, pé èyí kò ní yọ́. Mo fi áàpù sí fóònù gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀ ọ́n tẹ̀ dáadáa, wọ́n á gbé fóònù wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ tí wọ́n bá wá ta gàrí ní Ẹdẹ, wọ́n á ní, "Bá mi tẹ ti ọ̀sẹ̀ yìí, Ọ̀gá Kọ́ìnì, kí o má tẹ̀ mí mọ́ ọn o."

Nígbà tí a fẹ́ pín àyè, gbogbo wa sọ pé kí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ kó, nítorí àwọn ni àgbà. Wọ́n kọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń kánjú kó o. Èmi ti dúró fún ọdún mẹ́wàá, kí ni ọdún kan sí i?"

Báyìí ni wọ́n ṣe di ẹni ìkeje.

Ibí yìí ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì mọ̀ pé àṣìṣe ni, nítorí ó jọ ìwà ọmọlúàbí. Ìyá wa ti bá alájọ kan dá owó rí, tó sá lọ. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ohun tí wọn ò kíyè sí ni pé ọkùnrin náà ti ń da owó wọn pọ̀. Alájọ tòótọ́, wọ́n ní, kì í da owó ènìyàn pọ̀ kó tó di ọjọ́ ìkó. Owó oníkálukú á wà lọ́tọ̀, káàdì rẹ̀ á wà lọ́tọ̀, bó bá dé lójijì tó ní òun fẹ́ rí i, wàá fi hàn án. Èmi náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n tó bá wọlé, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wọlé. Áàpù tí mo ń lò máa ń fi ègé kọ̀ọ̀kan hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì máa ń kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo lè nawọ́ sí tirẹ̀: "Tìẹ rèé, èyí tí o mú wá ní ọ̀sẹ̀ ìkórè." Ojú mi máa ń dán bí mo bá ń sọ ọ́.

Ènìyàn méje, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ègé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ègé kọ̀ọ̀kan ń gba àyè báìtì 68 nínú ọkọ̀. Bí o bá fi ìwọ̀nba ti àpò àti ibi tó ń lọ kún un, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,850. Bó bá jẹ́ pé ègé kan ṣoṣo ni, iye owó kan náà, kò ní ju 110 lọ. Ó yẹ kí n ti máa kó wọn jọ di ègé kan ní gbogbo ìgbà tí ọ̀nà bá ṣófo, kí n san owó tí kò tó nǹkan. N kò ṣe é. Lójú tèmi, ẹni tó ń da owó pọ̀ ló ń gbèrò àtisá.

Àwa mẹ́fà àkọ́kọ́ kó tiwa láìsí wàhálà. Ọ̀nà ṣófo nígbà náà. Owó ọ̀nà kò ju sátóṣì mẹ́ta lórí báìtì kan lọ, mo san 11,550, ó sì máa ń dé láàárín wákàtí kan. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Ó wá kan ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá kan ní Ara fẹ́ kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, tó sì fẹ́ ta ẹ̀rọ rẹ̀, ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dára. Ẹ̀gbọ́n mi lọ bá a, wọ́n ná an, wọ́n fẹnu kò. Bàbá náà ní òun á dúró dè wọ́n di Ọjọ́bọ̀, nítorí ọkọ̀ tó máa kó ẹrù òun ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Ní Mọ́ńdè, mo jókòó láti fi owó náà ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan ní Òṣogbo tó máa ń ra kọ́ìnì lọ́wọ́ mi, tó sì máa ń san náírà. Mo ṣí ojú ewé tí mo ti ń wo bí ọ̀nà ṣe rí. Ọ̀nà ti kún. Àwọn kan ní ìlú òkèèrè ti rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń lẹ àwòrán ọ̀bọ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ mọ́ ara sátóṣì, wọ́n ń ta á fún ara wọn, wọn ò sì bìkítà iye tí wọ́n san. Ojú ewé náà ní kí n san ọgọ́ta lórí báìtì kan. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. 231,000 sátóṣì, nínú owó tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,680,000. Ó ń lọ sí ìdá kan nínú méje. Owó ẹni kan nínú àwa méje fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí n kàn gbé e fún awakọ̀.

Ọmọ ọlọ́jà ni mí. Ìyá wa ta àwo ní Ẹdẹ títí wọ́n fi kú. Láti ìkókó ni mo ti mọ̀ pé iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè, ẹni tí kò mọ ilé ni wọ́n pè é fún. Wàá dá a sí ìdajì, wàá tún yọ nínú rẹ̀, wàá ṣe bí ẹni ń lọ, wọ́n á sì pè ọ́ padà. N kò tíì san iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè rí láyé mi, kódà lọ́dọ̀ dókítà. Mo kọ mẹ́sàn-án.

Mo fẹ́ fi àyè sílẹ̀ kí n lè fi owó kún un bí kò bá tètè lọ. Áàpù náà ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ará Òṣogbo pè mí lórí fóònù kí n tó tẹ̀ ẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa àyè ìyípadà yẹn. Ẹnì kan fi í lù mí ní jìbìtì lóṣù tó kọjá. Mo sanwó tán, ó yí owó rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀."

"Ṣé èmi náà jọ olè ni?"

"Òun náà ò jọ ọ́."

Mo pa á. Mo san 34,650, mo tẹ ẹ́ lọ. Òdo yọ. Mo kọ aago sílẹ̀ sínú ìwé: aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin òwúrọ̀.

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ó ṣì jẹ́ òdo. Ọgọ́ta ti di ọgọ́fà. Ẹ̀gbọ́n mi pè.

"Ó ti dé?"

"Ó ń bọ̀, Àǹtí mi. Ọ̀nà ló dí díẹ̀."

"Ọ̀nà wo ló dí nínú fóònù?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti èrò. Mo sọ ti báìtì. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n ní kò burú.

Ní Túsìdeè, mo jí bá ọ̀ọ́dúnrún. Owó mi, tó jẹ́ mẹ́sàn-án, ti wà lẹ́yìn èrò tí n kò lè kà. Ohun tí ìyá wa kò kọ́ mi nìyí, nítorí kò sí irú rẹ̀ ní ọjà tiwọn: mo ti ná ọjà, mo ti kọ ẹ̀yìn, mo ti ń lọ, ẹnikẹ́ni kò pè mí padà. Awakọ̀ náà kò mọ̀ pé mo wá. Ó ń gbé àwọn tó lẹ ọ̀bọ mọ́ owó.

Mo mọ ọ̀nà kan tó kù. Bí ẹni tí owó ń bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ bá gbà, ó lè san owó ọ̀nà ńlá lé e lórí láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀, kí awakọ̀ lè gbé méjèèjì papọ̀. Mo pe Òṣogbo.

"Ẹ ní kí n fi owó mi fa owó yín jáde?"

"Máa yọ ọ́ nínú náírà tí o fẹ́ san. Mo ti gbà."

"Mélòó?"

Mo sọ iye tó ti dà lọ́jọ́ náà, tó ti ju mílíọ̀nù kan sátóṣì lọ.

"Bọ̀ọ̀dá, kí ló kù tí ẹ fẹ́ tà fún mi? Ègé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi ní nǹkan yìí. Ẹ̀gẹ́ ni ẹ kó sínú ọkọ̀ olówó."

Òótọ́ ni, èmi ni mo kọ́ ọ.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ tí n kò lè dárí ẹ̀ ji ara mi. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn obìnrin Ara máa ń pàdé ní Ọjọ́rú, ìpàdé náà nìkan ni wọ́n ti ń yáni lówó. Ẹ̀gbọ́n mi kò yáwó lọ́dọ̀ wọn rí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá béèrè, ẹgbẹ́ á fún wọn. Wọ́n pè mí ní ọ̀sán.

"Àbúrò mi, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kí n lọ gba ti ẹgbẹ́, kí n fi ra ẹ̀rọ yìí, kí n dá a padà nígbà tí tìẹ bá dé?"

Ìwé mi wà níwájú mi. Mo ti kọ àwọn iye náà sílẹ̀ láti Mọ́ńdè, ní wákàtí-wákàtí. Ẹnikẹ́ni tó bá lè ka nọ́ńbà á rí i pé kò ní dé. Ṣùgbọ́n ojú ewé náà ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ láàárọ̀ yẹn, láti ọ̀ọ́dúnrún sí nǹkan bí igba àti ogójì, mo sì ti fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo ti rí ibi tí ó máa dé lálẹ́. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọ̀gá Kọ́ìnì ni mí.

"Ẹ má wulẹ̀ ru èlé lórí ohun tó ń bọ̀. Á dé kí ilẹ̀ tó mọ́."

"Ó dá ọ lójú?"

"Àǹtí mi, nǹkan yìí ni mò ń ṣe."

Wọ́n kò lọ sí ìpàdé.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ara. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi níwájú ilé bàbá náà, wọ́n ro aṣọ tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ akẹ́rù ti dé, wọ́n ti di bẹ́ẹ̀dì àti àwọn ìjókòó sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ṣì wà nílẹ̀, wọ́n ti nù ún. Mo kí bàbá náà, mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣí fóònù mi, mo fi hàn wọ́n.

"Bàbá, owó náà rèé. Ó wà níbí. Ẹ wò ó, òun nìyí."

Bàbá mú jígí wọn, wọ́n wò ó dáadáa. Wọn kì í ṣe ènìyàn búburú.

"Mo rí i, ọmọ mi. Kí ni òdo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yìí?"

Mo ní ó túmọ̀ sí pé ó ti gbéra, kò tíì dé.

"Ọmọ mi, awakọ̀ yìí kò ní gba òdo lọ́wọ́ mi."

Obìnrin tó ni ilé ẹ̀rọ òdìkejì títì ló rà á. Kò jìnnà. Ó rìn wá pẹ̀lú owó nínú àpò ọ̀rá, ó kà á lórí ẹ́ńjìnnì. Kò dùn mọ́ òun náà nínú, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ má bínú, ẹ̀rọ mi ti ń dá kú, mo sì gbọ́ pé ẹ ò rí owó." Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí ìbínú. Wọ́n bá a gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà kan sókè nígbà tí wọ́n ń gbé e kọjá títì.

Wọn kò bá mi jà. Ìbá sàn bí wọ́n bá jà. Wọ́n sìn mí dé ibi ọ̀kadà, wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ìgbà tí mo fẹ́ gùn ún ni wọ́n ní, "Nǹkan tó ò ń ṣe náà nìyẹn." Ohùn wọn kò yí padà.

Owó náà wà ní òdo fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Wákàtí 336. Lẹ́yìn náà, àwọn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú èrò ní gáréèjì yẹn gbàgbé rẹ̀, ègé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta sì padà sínú àpò mi bí ẹni pé wọn kò kúrò rí. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn fẹ́ náírà. Mo san owó ọ̀nà tí wọ́n pè, mi ò ná an, owó náà dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Mo gbé e lọ fún wọn. Láàárín oṣù mélòó kan, owó ẹ̀rọ ti lọ sókè di ìlọ́po méjì, bí gbogbo nǹkan ṣe dà, náírà wọn sì ti bá ilé títún ṣe lọ. Àjọ wa tú. Ọ̀kan nínú àwọn akọrin márùn-ún yẹn, káfíńtà, bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn: "Ègé tiwa lo ń fi hàn wá lójoojúmọ́. O ò sọ fún wa pé wọ́n wúwo."

Mo ń bá àjọ náà lọ ní èmi nìkan. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n sátóṣì lọ́sẹ̀, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe nǹkan tí mo ní ìgbádùn rẹ̀ mọ́. Mò ń ṣe é bí ẹni ń mu oògùn. Ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára ọ̀nà, ọgbọ́n sì ń pọ̀ sí i, ìyẹn ni ẹ̀gàn inú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, nígbà tí àwọn ọ̀bọ ti kú lọ́jà wọn, owó ọ̀nà máa ń já bọ́ sí ení. Nígbà tí tèmi nìkan náà pé ègé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, mo kó wọn papọ̀ di ègé kan ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, mo san 3,850. Ó wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tí n kò ṣe nígbà tó yẹ kí n ṣe é kò gbà ju kí n tẹ ibi mẹ́ta lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ègé kan ṣoṣo yẹn ránṣẹ́ sí Òṣogbo. Kọ́ìnì ti lọ sókè gan-an láti ìgbà náà. Iye kan náà tí à bá fi ra ẹ̀rọ àlòkù lọ́jọ́sí ti tó ra tuntun báyìí, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Mo gba náírà, mo gbé e lọ sí Ara.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lábẹ́ ìbòòji, wọ́n ń ku gàrí. Láti òdìkejì títì, a ń gbọ́ ẹ̀rọ náà tó ń dún. Mo gbé owó náà lé wọn lẹ́sẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Owó ẹ̀rọ."

Wọn kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbé apá ọ̀tún wọn sókè, kò kọjá èjìká. Mo ti ń rí i pé wọ́n ń fi tòsì ku gàrí, n kò béèrè.

"Ta ló máa fa ẹ́ńjìnnì náà? Apá yìí ò lè fa okùn ẹ̀rọ mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń ra gàrí tútù báyìí, kí n kàn yan án." Wọ́n wo òdìkejì títì. "Ó ń lọ̀ dáadáa, ẹ̀rọ yẹn. Kò tíì dá kú lẹ́ẹ̀kan."

Wọ́n ní kí n fi owó náà sí ilé, wọ́n á fi tọ́jú apá. Mo dìde, mo gbé e lọ sínú ìyẹ̀wù. Nígbà tí mo jáde, wọ́n bi mí, bí ẹni ń béèrè bí òjò ṣe rọ̀ ní Ẹdẹ:

"Ìṣẹ́jú mélòó ló gbà lọ́tẹ̀ yìí?"

"Méje, Àǹtí mi."

"Méje." Wọ́n mi orí, wọ́n sì ń ku gàrí lọ.

Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé kí n tó kúrò ní Ẹdẹ. Ègé kan, báìtì 110, sátóṣì méjì lórí báìtì kan. Owó ọ̀nà, 220. Òdo di ení, ìṣẹ́jú méje.